Ta Ni Yóò Wẹ Ẹsẹ̀ Aurore?

Ìdí mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan nínú ilé gbé rédíò mi sórí àga, èmi náà ti oko dé, ó ti rẹ̀ mí, n kò wẹ̀yìn, mo jókòó lé e. Rédíò náà ké kíún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Bí mo ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ Désiré nìyẹn, ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti tẹlifísọ̀n ṣe lẹ́bàá ọjà Kétu. Ó tú u, ó wo inú rẹ̀ títí, ó wá gbójú sókè wo èmi fúnra mi láti orí dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ọkọ̀ kámíọ̀nù ló gùn ún ni?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti di òpó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọmọ náà. Ìdí yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, kí n sì rán ọmọ ọmọ mi sí i, kí àwọn méjèèjì fi rí ara wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa dá lẹ́bi fún ẹkún tó wà nínú ìtàn yìí, ẹ mọ ibi tí ẹ máa wò.

Aurore ni ọmọ ọmọ mi náà, ọmọ Victorine, ọmọ mi obìnrin. Ó ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Calavi. Ó dé bá mi ní Kétu nígbà òjò, pẹ̀lú báàgì kan àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tó ń gbé káàkiri bí ọmọ ìkókó, ó ní iṣẹ́ ló gbé òun wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ní Kánádà ló ń kọ ìtàn sinimá, Aurore sì ni ó ń bá a ṣèwádìí ní apá ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó lè ráyè kàwé ní ọjọ́ yòókù. Mo bi í pé ìtàn sinimá wo. Ó rọra sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó gbóná: ìtàn àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ayé wọn ní obìnrin, àti àwọn tí wọ́n bí ní obìnrin tí wọ́n ń gbé e ní ọkùnrin. Báwo ni fíìmù ṣe ń fi wọ́n hàn láti àtijọ́, ta ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ta ló bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn wo nínú wọn ló ṣeré tí a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Ó ní tírańsì ni wọ́n ń pè wọ́n lédè Faransé.

Ó rò pé màá pariwo. Èmi tí mo ti gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò, tí mo ti rí ìhòòhò ẹ̀dá ju bí dókítà ṣe rí i lọ, kí ló kù lára ènìyàn tí yóò bà mí lẹ́rù? Mo ní kó ràn mí lọ́wọ́ kí n kúnlẹ̀, nítorí bí mo bá dá kúnlẹ̀, dídìde di ọ̀ràn ìjọba. Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Níbẹ̀ ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì ọkọ mi wà, lẹ́yìn àpò ẹ̀pà.

Ọkọ mi, olóògbé, ló ni ilé fídíò àdúgbò wa láyé ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń gbé tẹlifísọ̀n sórí tábìlì, ènìyàn á kún yàrá, èmi á sì wà lẹ́nu ọ̀nà, màá máa din iṣu. Gbogbo fíìmù tó kọjá ní Kétu ni mo gbọ́, n kò rí ọ̀kan. Etí mi nìkan ló lọ sí sinimá. Àfi ẹyọ kan tí mo jẹ́ kí iṣu jóná nítorí rẹ̀. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti yà á, èmi náà sì wà nínú rẹ̀. Mo kọjá lẹ́yìn pẹ̀lú abọ́ iṣu lórí, mo sì dúró wo kámẹ́rà bí ewúrẹ́ tó rí mọ́tò.

Fíìmù ìgbéyàwó ni. Àwọn eléré tó wá láti apá Ìmẹ̀kọ ń wá ọmọbìnrin tí yóò ṣe ìyàwó, ṣùgbọ́n kò sí bàbá kan ní Kétu tó gbà. Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín o. Nínú eré náà, wọn yóò mú ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọn yóò sì da omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn bàbá ní ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Kámẹ́rà ò kámẹ́rà, ọmọ náà ti di ìyàwó onílé. Ni àwọn eléré bá lọ mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Idigny, tó máa ń jó abo nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé bó bá ró aṣọ tó fi ọ̀já sí i, kò sí obìnrin tó fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ṣe ìyàwó. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì sun ẹkún ìyàwó kan tó mú èmi àti ọkọ mi sunkún tẹ̀lé e. Nígbà tí eré parí, àwọn yòókù bọ́ aṣọ eré. Òun kò tú ìró rẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ń fi wá ṣeré ni. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ó ti kúrò ní Idigny. Lẹ́yìn ìyẹn, a gbọ́ pé ó ti kú sí Kutọnu, pé òkú rẹ̀ kò délé, àwọn ará ilé rẹ̀ sì sin aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní kékeré, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́.

Aurore di kásẹ́ẹ̀tì náà mú bí ẹyin. Ó ti hu, inú rẹ̀ funfun bí wàrà wàgàsì tí a gbàgbé sínú abọ́. Mo ní kó gbé e lọ fún Désiré.

Désiré kò kánjú. Ó ń fi òwú nu téèpù inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Aurore sì ń lọ jókòó tì í lójoojúmọ́, ó ní òun ń ṣọ́ iṣẹ́ òun. Bí òjò bá dé, kò lè padà sílé. Bí òjò kò bá dé, kò padà náà. Mo rí i pé ó ti ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ kó tó jáde. Mo bi í bóyá kásẹ́ẹ̀tì ló ń wo ẹsẹ̀. Ó bo ojú. Ó wá jẹ́wọ́ fún mi pé nígbà tí òun ṣàlàyé iṣẹ́ òun fún Désiré, kò rẹ́rìn-ín, kò ṣe ojú wẹ́kẹ́wẹ́kẹ́. Ó kàn ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ibì kankan já nínú téèpù náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ ọmọ mi lára. Èmi gan-an, ọ̀rọ̀ tó kéré jùyẹn lọ ni ọkọ mi fi mú mi.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwòrán jáde. Mo rí ara mi tí mo ń kọjá, ọmú mi ṣì dúró nígbà náà, mo ní kí wọ́n dá a padà kí n tún un rí.  Désiré ti dá fíìmù dúró níbi ojú ìyàwó.

Ó ní, "Bàbá mi nìyí. Bí bàbá mi bá lé tìróò, bó ṣe máa rí gẹ́lẹ́ nìyí."

Akíndé ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ní Idigny, ó sì jẹ́ olùkọ́ nínú ìjọ Àgùdà. Désiré mọ̀ pé bàbá òun ní àbúrò kan tó kú kí òun tó gbọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un rí. Aurore fi àwòrán ojú náà ránṣẹ́ sí àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti mú un mọ̀ ní Kutọnu, kí wọ́n bá a wo bóyá ẹnì kan mọ nǹkan nípa olóògbé. Ìdáhùn tó padà wá mú wa jókòó. Ẹni náà kò kú. Huguette ni orúkọ rẹ̀, ó ń ránṣọ ní Àjàṣẹ́, ó sì ti ń gbé ibẹ̀ ní obìnrin láti ìgbà tí Désiré ṣì ń rákò.

Àwa mẹ́ta la lọ. Mo ní mo gbọ́dọ̀ rí ìyàwó tó jẹ́ kí iṣu mi jóná. Obìnrin gíga kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa, ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá oníṣu dídín." Kí n tó dáhùn, Désiré ti dọ̀bálẹ̀ sórí simẹ́ńtì.

"Ẹ kúulé, Tàntí," ó ní, bí a ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni tó jẹ́ obìnrin. "Ọmọ Akíndé ni mí."

Huguette di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Tún un pè kí n gbọ́."

"Tàntí."

Ó fi téèpù ìwọnṣọ nu ojú rẹ̀, nítorí kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Aurore tó tan ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn, ó ṣàlàyé òfin iṣẹ́ náà fún un. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ, tirẹ̀ ni. Ọjọ́ tó bá ní kí wọ́n yọ òun kúrò, wọn yóò yọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí ló dé. Huguette rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti yọ ara òun kúrò ní ibi púpọ̀, òun kò fẹ́ ìyẹn mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni kí wọ́n kọ Huguette sábẹ́ ojú ìyàwó yẹn. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n da omi sí òun lẹ́sẹ̀ níwájú kámẹ́rà, gbogbo ìlú ń wo òun, kò sì sẹ́ni tó bínú. Lẹ́yìn ìyẹn, òun kò rí bí òun ṣe fẹ́ tú ìró náà. Ó béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun ránṣẹ́ sílé títí ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí èsì, ẹnu àwọn ará ọjà ni òun ti gbọ́ pé ìyá àwọn ti kú. A rí i pé kò mọ̀ pé wọ́n ti sin òun náà. A kò sọ ọ́. Ó ti se oúnjẹ fún wa. Ta ló ń sọ irú rẹ̀ fún ènìyàn lórí abọ́ ọbẹ̀?

Kí ọdún tó yípo, Désiré ní Aurore ni òun máa fẹ́. Victorine ló kọ́kọ́ gbógun dé. Ó ní ṣé ọmọ òun kàwé títí dé Calavi kó lè wá fẹ́ ẹni tó ń nu kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní, ìwọ Victorine, bàbá rẹ tó fẹ́ mi, kí ló ní nígbà náà ju ẹnu àti ẹ̀yìn ọrùn tó dára? Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì rọ̀. Ni wọ́n bá fi mí ṣe alárinà, nítorí n kì í tijú. Mo gun sẹ́míjàn lọ sí Idigny, ọlọ́kadà náà ń wo táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbogbo kòtò. Akíndé gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, opó, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ní láti ìgbà tí aya òun ti kú, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí, ó sì sun àgbàdo fún mi, èmi tí eyín mi kò tó nǹkan mọ́. Mo jẹ ẹ́ bí mo ṣe lè jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Aurore ti sọ fún Désiré pé bí òun bá máa wọ ilé yẹn, ọmọbìnrin ilé ni yóò wẹ ẹsẹ̀ òun, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ilé Akíndé sì ní ni Huguette. Désiré gbà. Ó ní òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́ fún bàbá òun. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé. Sátidé kọjá. Ó ní nígbà tí wọ́n bá kórè tán. Wọ́n kórè tán. Désiré jẹ́ ọmọ tó lè fi gbogbo ọjọ́ tún wáyà tín-ín-rín kan so, ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá ti jókòó níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a gbẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ṣe dé bá wa, nínú àgbàlá mi, nígbà ọyẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Akíndé wá dìde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa, ó ní ilé òun kò ní ọmọbìnrin kankan tó kù láti gba ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn yóò yá aládùúgbò àwọn kan, Agathe, kó bá àwọn wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Aurore wo Désiré. Désiré wo ilẹ̀. Mo rí i bí ọmọ mi ṣe dúró dè é, tó tún dúró dè é. Nígbà tó rí i pé kò ní sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Akíndé.

"Bàbá, ọmọbìnrin ilé yín wà láàyè. Huguette ni orúkọ rẹ̀. Mo ti bá a jẹun."

Akíndé kò bínú bí ènìyàn ṣe ń bínú. Ó kàn ká aṣọ rẹ̀ sí èjìká. Ó ní, "Ẹni tí ọmọ yín ń wí, mo ti sin ín." Ó sì jáde, àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ lé e, oúnjẹ tí a sè ṣì ń yọ èéfín.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti fọ̀rọ̀ wá Désiré lẹ́nu wò, ni ọ̀rọ̀ Akíndé dé ọ̀dọ̀ mi. Òun kò kọ Aurore. Ṣùgbọ́n kí ó pa ohùn náà rẹ́, kí ó pa àwòrán rẹ́, kí ó má ṣe dárúkọ yẹn mọ́ láyé, nígbà náà ni ẹnu ọ̀nà òun yóò ṣí. Aurore ní òun ti ṣèlérí fún Huguette, òun kò lè fi ènìyàn alààyè ṣe ẹrù ìyàwó. Désiré wá, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Bàbá mi ni, Aurore. N kò ní ẹlòmíràn." Aurore ní òun náà ti rò pé òun ní ẹnì kan. Ó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ọyẹ́ yẹn, ó ń jẹun bí ẹyẹ, ó ń sọ fún mi pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́, lẹ́yìn náà yóò bi mí bóyá mo gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, bóyá ó rù.

Mo padà lọ sí Idigny ní èmi nìkan. Akíndé wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń họ àgbàdo sínú agbọ̀n. Mo jókòó, mo bá a họ. Mo ti tọ́jú àwàdà mélòó kan sẹ́nu kí n fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó fẹ́ jáde.

"Màmá, ẹ rò pé mo kórìíra rẹ̀," ó ní.

Mo ní n kò mọ ohun tí mo rò.

Ó ní nígbà tí àbúrò òun lọ, ojú ọ̀nà ni ìyá àwọn ń jókòó sí láti àárọ̀. Kò lọ sóko mọ́. Kò jẹun. Bí mọ́tò bá dúró, ó dìde. Àwọn ará abúlé ń fi í ṣẹ̀sín pé ó ń retí ọmọkùnrin tó ró ìró lọ wá ọkọ. Akíndé kò lè wò ó mọ́. Lọ́jọ́ kan tó ti Kutọnu dé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà ti kú. Ó rò pé ìyá yóò sunkún, ẹkún yóò parí, yóò sì tún máa jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin aṣọ sí.

"Ṣé ó jẹun?" mo bi í.

"Ó sùn sílẹ̀. Kò dìde mọ́." Ó họ àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ṣì ń họ ṣúkù rẹ̀. "Mo rí àbúrò mi ní Kutọnu lọ́jọ́ yẹn, Màmá. Ó wà lódìkejì títì, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn kan, ara rẹ̀ le. N kò pè é. Tó bá wà láàyè, èmi ni mo pa ìyá mi. Ìyẹn ni ọmọ yín fẹ́ kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà mi kí n sọ fún gbogbo Idigny."

Mo gba ṣúkù náà lọ́wọ́ rẹ̀.  Nígbà tí mo dìde, ó ní kí n lọ sọ fún àbúrò òun, gbogbo rẹ̀, bí òun ṣe sọ ọ́. Ohun tó bá wí, kó ṣẹ.

Èmi àti Aurore la gbé e lọ sí Àjàṣẹ́. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán mi. Huguette gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí aṣọ tó ń gé. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ pé ó kú, ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Ó sunkún mi?"

"Ó sunkún."

"Orúkọ wo ló fi ń sunkún mi?"

Mo dúpẹ́ pé mo ti béèrè ìyẹn náà lọ́wọ́ Akíndé. "Kò pe orúkọ. Ọmọ mi, ọmọ mi, ló ń wí."

Ó mi orí. Ó tún mi orí. Ó yíjú sí Aurore, ó sì bi í bóyá òfin tó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì dúró. Aurore ti mọ ibi tó ń lọ. Ó ní ó dúró.

"Ó dáa. Yọ mí kúrò."

"Tàntí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe é nítorí mi."

"Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni," Huguette ní. "Ó ti darúgbó. Tí mo bá jáde, wọn yóò ní òun ló pa ìyá wa, yóò sì gbé ìyẹn lọ sí sàréè. Ó bú mi rí, Aurore, ṣùgbọ́n òun ló máa ń gbé mi sí èjìká kọjá omi nígbà tí mo kéré. Yọ mí kúrò. Gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá fún mi, èmi á máa wo ara mi. Kí ìwọ lọ fẹ́ ọkọ rẹ, èmi ni màá rán aṣọ rẹ."

Ojú mi báyìí ni Aurore ṣe pa ohùn náà rẹ́, lórí tábìlì ìránṣọ. Ó kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹnì kan ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó dun òun, òun sì bọ̀wọ̀ fún un. Iṣẹ́ náà ń lọ. Ìtàn gbogbo ayé yóò wà nínú ìwé yẹn, ti Kétu kò ní sí níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọjọ́ yẹn ni Aurore padà sọ́dọ̀ Désiré. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ gba orí ènìyàn kọjá wọlé ọkọ. Ohun tó rọ̀ ọ́ ni pé ó lọ wọn aṣọ lọ́jọ́ kan láì ránṣẹ́ ṣáájú, ó bá Désiré níbẹ̀, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Huguette, ó ń tún un ṣe, òróró wà ní imú rẹ̀. Huguette ní ó ti ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò kúkú ní ìgboyà lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ló ní in sí. Aurore jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ṣì ń bínú sí i nígbà yẹn, pé òun kò mọ̀ bóyá òun máa ṣíwọ́ láéláé, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn láyé tí òun lè bá bínú lórí ọ̀rọ̀ yìí tí yóò yé.

Mo jíṣẹ́ Huguette fún Akíndé, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó náà lẹ́yìn Àjíǹde. A mú Aurore dé Idigny ní ọ̀sán, nínú aṣọ funfun tí kò sí irú rẹ̀ rí ní abúlé yẹn. Agathe, aládùúgbò wọn, da omi sí i lẹ́sẹ̀. Aurore ń sunkún, àwọn obìnrin ń yọ̀, wọ́n ní ìyàwó tó bá sunkún tó báyìí, ó mọ iyì ilé bàbá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu mi bí ewúro.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ ní èmi nìkan. Huguette ń ránṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun, kí n má fò kankan. Mo sọ bí Victorine ṣe wọ bàtà tó kéré, bí mo ṣe jó tí ìró mi fẹ́ já sílẹ̀ tí àwọn àgbà ìjọ ń wo òrùlé. Mo sọ bí Agathe ṣe da omi púpọ̀ bí ẹni tó ń fọ mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, apá ibi omi. Mo sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé nígbà tí ìyàwó wọlé tán, tó kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ rẹ̀, Akíndé bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí aṣọ náà, ó yí i padà wo inú rẹ̀. Ó béèrè pé ta ló rán an. Désiré ní aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akíndé kò jọ̀wọ́ aṣọ náà títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Nígbà tí mo fẹ́ padà sí Kétu, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ní kí n bá òun kí aránṣọ náà, kí n ní ó ṣeun.

Huguette dá ẹ̀rọ dúró.

"Aránṣọ ló pè mí?"

"Aránṣọ ló pè ọ́."

Ó wo iwájú rẹ̀. Níta, àwọn ọmọ kan ń lé táyà kọjá. Mo wá ohun tí n ó fi pa á lẹ́rìn-ín ní gbogbo ibi tí mo máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, n kò rí.

"Ẹ bá mi kí i padà," ó ní. "Ẹ ní aránṣọ gbọ́."

Ó fi ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ. Aṣọ náà gùn, ó ń wọ́lẹ̀ lápá kejì, mo sì fà á sí itan mi, mo bá a dì í mú títí ó fi rán an tán.